Kásẹ́ẹ̀tì Ìyá Ẹgbẹ́

Bí ẹ bá wọ gbọ̀ngàn ìpàdé ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba lé wa lórí, ẹ má wo iwájú. Àwọn tó jókòó síwájú, ẹ ti rí wọn ní àrísú lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ wo igun ẹ̀yìn lápá òsì, níbi tí wáyà ti lọ́ mọ́ra bí ìfun ẹran. Ẹ ó rí àgbàlagbà kan tí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti gbó, tó fi ọwọ́ kan lé ẹ̀rọ, tó fi ọwọ́ kejì bo etí. Àbúrò bàbá mi nìyẹn. Onímáìkì ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí òun ló ń gbé gbohùngbohùn kiri fún ẹgbẹ́ yìí láti ìgbà tí wọn kò tíì ní ju bẹ́ǹṣì kan lọ. Èmi ń pè é ní Bàbá kékeré. Ilé rẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, iwájú ilé náà ni mo sì ti ń ṣe irun fún àwọn obìnrin títí di òní, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má wá ròyìn ẹgbẹ́ fún mi. Mo mọ̀ wọ́n nígbà tí wọ́n ṣì ń tọrọ omi mu.

Omi gan-an ni mò ń wí o. Nígbà yẹn, ọkùnrin kan wà tó jẹ́ ọ̀gá pátápátá níléeṣẹ́ omi lábẹ́ ìjọba àná. Ó ní páìpù ń jò, ó sì ní kí wọ́n fi àgádágodo ti gbogbo ẹ̀rọ omi tó wà níta. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ táńkà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta omi kiri àdúgbò, a sì wá mọ̀ pé àbúrò ìyàwó rẹ̀ ló ni àwọn ọkọ̀ náà. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Alágádágodo. Ohun tó bí ẹgbẹ́ yìí nìyẹn. Kì í ṣe pé wọ́n ka ìwé ńlá kankan. Òùngbẹ ló ń gbẹ wọ́n.

Ilé ìdáná wa ni wọ́n ti ń ṣèpàdé. Ìyàwó Bàbá kékeré, tí mo ń pè ní Màmá, ló ń darí ìpàdé náà, Ìyá Ẹgbẹ́ ni àwọn tó kù sì ń pè é. Obìnrin gíga ni, ohùn rẹ̀ nípọn díẹ̀ bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, tó bá sì ń bínú, kì í pariwo, ṣe ló máa ń rẹ ohùn náà sílẹ̀. Bó bá ti ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ẹ tètè wábi gbà. Òun ló ṣíwájú àwọn obìnrin lọ sídìí ẹ̀rọ omi ìkóríta, òun ló fi òkúta fọ́ àgádágodo àkọ́kọ́. Ọlọ́pàá fi kóńdó lù ú lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ ọ̀hún kò sì bọ̀ sípò mọ́. Òun náà ló kọ́ wọn ní ìbúra. Kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn á dìde láàárín ìkòkò àti sítóòfù, wọ́n á gbé ọwọ́ láyà, Màmá á sọ ọ́, wọ́n á sì sọ ọ́ tẹ̀lé e:

"Mo wà fún ará ìlú kí n tó wà fún ara mi. Omi tí mẹ̀kúnnù ń mu ni n ó máa mu. Ọ̀nà tí mẹ̀kúnnù ń tọ̀ ni n ó máa tọ̀. Bí mo bá jí ohun tí í ṣe ti gbogbo wa, ẹ lé mi jáde, ẹ má sì ṣílẹ̀kùn fún mi mọ́."

Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lè kọ́ ọ sórí kó tó di àkókò oúnjẹ ọ̀sán.

Ẹni tí ohùn rẹ̀ máa ń ròkè jù nínú wọn ni ọ̀dọ́kùnrin kan tí a ń pè ní Ọlọ́dà, nítorí òun ló ń fi ọ̀dà kọ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ sára ògiri ìlú. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló máa ń gbà wọlé, tòun ti ọ̀dà funfun nínú irun, yóò sì ti yẹ inú ìkòkò wò kó tó kí ènìyàn. "Màmá, ebi ń pa mí o." Màmá á bu oúnjẹ tirẹ̀ fún un. Nítorí rẹ̀ ni wọn kì í fi í ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé ìdáná wa. Màmá ní ẹni tó ń kun ògiri kiri kò ní àsìkò oúnjẹ kan pàtó, kó sáà máa rí ọ̀nà wọlé. "Ẹ̀gbọ́n mi" ló ń pe Bàbá kékeré, á sì máa bá a ru gbohùngbohùn lórí lọ sóde. Bó bá dé ibi "ẹ lé mi jáde" nínú ìbúra, ó máa ń lu àyà ara rẹ̀ débi pé Màmá á ní kó rọra, pé ẹ̀dọ̀fóró kan ṣoṣo kọ́ ni Ọlọ́run fún un, ṣùgbọ́n kó má ba méjèèjì jẹ́.

Òun ni Alága wọn báyìí. Ẹ jẹ́ kí n máa sọ̀rọ̀ lọ.

Nígbà tí ẹsẹ̀ Màmá kò jẹ́ kó jáde nílé mọ́, ìpàdé ti kúrò nílé ìdáná wa bọ́ sí gbọ̀ngàn. Wọ́n ní àwọn ò lè búra láìsí ohùn Ìyá Ẹgbẹ́. Bàbá kékeré bá gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá sílé, ó kó àwọn obìnrin bíi mélòó kan jọ sílé ìdáná, ó sì gba ìbúra náà sínú kásẹ́ẹ̀tì. Màmá ń sọ ọ́, àwọn obìnrin ń gbè é. Lẹ́yìn gbólóhùn kejì, ìdérí ìkòkò kan já bọ́, ó sì dún gbaran, Màmá dákẹ́ díẹ̀ kó tó máa bá a lọ. Mo ní ká tún un gbà. Màmá ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n máa rántí pé ilé ìdáná ni wọ́n ti wá." Òjò ọdún náà kò tíì dá tó fi kú.

Ẹgbẹ́ wọlé ìbò lẹ́yìn ikú rẹ̀, ojú sì là. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn di ẹni tó ń gun ọkọ̀ tí gíláàsì rẹ̀ dúdú bí ìkòkò ìdí iná. Wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn tuntun, wọ́n fi ẹ̀rọ amúlétutù sí i, èyí tó ń kùn bí oyin lókè orí. Níwájú ẹni kọ̀ọ̀kan lórí ìtàgé ni wọ́n ń to omi inú ìgò tó ti òkè òkun wá sí, nígbà tí ẹ̀rọ omi ìkóríta wa, èyí tí Màmá torí rẹ̀ di arọ, ti padà ń pọ afẹ́fẹ́ dípò omi. Omi tí mẹ̀kúnnù ń mu, àbí? Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe ń mu ún.

Ìbúra ńkọ́? Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ń bá kásẹ́ẹ̀tì sọ ọ́ sókè. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé ohùn inú gbohùngbohùn ti pọ̀ tó, kò sídìí láti da ara ẹni láàmú. Ẹnu lásán ni wọ́n wá ń mì. Ẹ̀gbẹ́ Bàbá kékeré nídìí ẹ̀rọ ni mo máa ń jókòó sí, mo sì ń wo gbogbo wọn bí wọ́n ṣe ń ya ẹnu tí wọ́n ń pa á dé bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò nínú omi. Wọ́n mọ̀ ọ́n mì o, ẹ jẹ́ ká fún wọn ní ẹ̀tọ́ wọn. Bó bá kan ibi tí ìdérí ìkòkò ti já bọ́, gbogbo wọn á panu dé, wọ́n á dúró kó dún tán, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo ìbúra yẹn, ìdérí ìkòkò nìkan ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún.

Ní ọjọ́ tí Ọlọ́dà sì di Alága, "ẹ̀gbọ́n mi" di "ìwọ", Bàbá kékeré sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi "ẹ" àti "sà" dá a lóhùn. Ó dùn mí ju bó ṣe dun òun fúnra rẹ̀ lọ.

Ìgbà tí àpéjọ gbogbogbòò ẹgbẹ́ kù sí dẹ̀dẹ̀ ni Alága ránṣẹ́ pe Bàbá kékeré. Mo bá a lọ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Bébà olódòdó ni wọ́n lẹ̀ yí gbogbo ògiri ọ́fíìsì náà ká. Ẹni tí ọ̀dà fún lóúnjẹ jẹ kò fẹ́ fojú rí ọ̀dà mọ́.

"Onímáìkì, jókòó," Alága wí. "Ìwọ onírun, jókòó. Ẹ gbọ́ o, àlejò pàtàkì kan ń bọ̀ ní àpéjọ wa yìí. Ọ̀gá wa tó wà níléeṣẹ́ omi nígbà kan ti rí ìmọ́lẹ̀. Ó ń bọ̀ wá darapọ̀ mọ́ wa."

Mo kọ́kọ́ rò pé etí mi ló ń ṣe mí. "Alágádágodo?"

"Má pe àgbàlagbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ òṣèlú ni gbogbo àgádágodo ìgbà yẹn. Gbogbo wa la ṣe àṣìṣe."

"Àṣìṣe wo ni Màmá ṣe?"

Bàbá kékeré ni Alága kọjú sí. "Ìṣòro kan ló wà níbẹ̀. Gbólóhùn ìkẹyìn inú ìbúra yẹn. Ẹ̀gbẹ́ mi báyìí ni ọkùnrin náà máa dúró sí. Bí ohùn yẹn bá wá ń pariwo pé bí mo bá jí, bí mo bá jí, á rò pé òun là ń bá wí."

"Ta ni wọ́n ń bá wí látẹ̀yìnwá, sà?" Bàbá kékeré bi í. Kò le ohùn rárá, ó kàn fẹ́ mọ̀ ni.

Alága rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ kò dé ojú. "Gé e kúrò. O mọ iṣẹ́ rẹ. Bí àpéjọ bá sì ti parí, fún mi ní kásẹ́ẹ̀tì náà, kí n fi í sínú àpótí onígíláàsì níbí. Ohun ìtàn ni. Kò yẹ kó máa dàgbà sínú ilé ẹnì kan."

"Alága, òun nìkan ló wà. Ohùn rẹ̀ tó ṣẹ́ kù fún mi nìyẹn."

"Ẹgbẹ́ lo gbà á fún, Onímáìkì. Ẹgbẹ́ ló ni ín. Tó bá sì jẹ́ pé ọwọ́ rẹ ti ń gbọ̀n, àbúrò ìyàwó mi mọ kọ̀ǹpútà lò dáadáa. Wọ́n á wá gbà á, á sì bá wa gé e."

Wọ́n gbé omi inú ìgò wá fún Alága. Ó mu díẹ̀ níbẹ̀, ó sì da ìyókù sínú ìkòkò òdòdó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Bàbá kékeré ń wo ìkòkò náà títí a fi jáde.

Ojú ọ̀nà ni mo ti la ẹnu mi. Mo ní, "Bàbá kékeré, tẹ́ ẹ bá fi bíléèdì kan ohùn Màmá, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́."

"Tí mi ò bá gé e, wọ́n á wá gbà á, wọ́n á sì gé e."

"Ẹ kọ̀ fún wọn! Ṣé ẹ jẹ wọ́n ní gbèsè ni?"

"Tí mo bá kọ̀, wọ́n á wọlé wá gbé e. Ṣé ìwọ lo máa dúró lẹ́nu ọ̀nà?"

Mo ní ká gbà á sórí fóònù mi, kí wọ́n máa gbé kásẹ́ẹ̀tì wọn lọ. A gbìyànjú rẹ̀. Ohùn tó jáde níbẹ̀ rí tín-ín-rín, bíi ti ẹlòmíràn tó ń sín Màmá jẹ. Bàbá kékeré ní kí n pa á rẹ́, mo sì pa á rẹ́ kíá, nítorí ara mi bù máṣọ.

Ó fa téèpù tín-ín-rín náà jáde nínú kásẹ́ẹ̀tì lórí tábìlì ìdáná, ó wá ojú ibẹ̀, ó mú bíléèdì. Iṣẹ́ tó ti ń ṣe fún wọn láti ọjọ́ pípẹ́ nìyí. Ó ti gé ikọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ wọn, ó ti gé àṣìsọ, ó ti gé ìlérí tí wọ́n ṣe láàárọ̀ tí wọ́n kábàámọ̀ nírọ̀lẹ́. Ó gbé bíléèdì náà lé ojú téèpù, ó sún un síwájú, ó tún fà á sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ó gbé e sílẹ̀, ó rọra ń yí téèpù náà padà sínú kásẹ́ẹ̀tì.

"Mi ò rí ibi tí mo lè fi ẹnu bíléèdì sí," ló wí.

Inú mi dùn. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ àpéjọ, mo jí bá a nílé ìdáná tó ń fi ooru omi gbígbóná tú bébà tí Màmá fọwọ́ kọ orúkọ sí kúrò lára kásẹ́ẹ̀tì náà. Mo rò pé ó fẹ́ tún un lẹ̀ kó lè lẹ́wà lójú Alága ni. Mo bú u. Mo ní ó ti di ẹrú àwọn ẹni tó ń jẹ nínú abọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó ní kí n bá òun ká wáyà.

Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́ lọ́jọ́ náà. Alágádágodo wọlé, ó ti sanra, ó ti hewú, àwọn tí wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ kọrin èébú rí sì dìde pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn mìíràn ń nà lórí ìka ẹsẹ̀ kó lè rí wọn níbi tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́. Alága gbá a mọ́ra, ó dé e ní fìlà ẹgbẹ́, ó fà á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà gbogbo wọn dìde, wọ́n gbé ọwọ́ láyà. Alága mi orí sí wa lẹ́yìn. Bàbá kékeré fi kásẹ́ẹ̀tì sínú ẹ̀rọ, ó tẹ bọ́tìnnì.

Iná pupa tàn. Kásẹ́ẹ̀tì ń yí. Ohùn kankan kò jáde.

Mo na ọwọ́ láti yẹ wáyà wò, Bàbá kékeré di ọwọ́ mi mú. "Fi í sílẹ̀," ló wí jẹ́jẹ́. "Kò sí nǹkan nínú rẹ̀." Ìgbà náà ló yé mi. Bébà orúkọ Màmá ló tú, kásẹ́ẹ̀tì òfìfo ló sì lẹ̀ ẹ́ mọ́.

Mo gbójú sókè láti wo bí wọ́n ṣe máa kígbe mọ́ wa. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnu Alága ti ń mì. Ẹ̀yìn ni gbohùngbohùn máa ń kọ sí orí ìtàgé, ariwo ẹ̀rọ amúlétutù sì wà lókè orí wọn, nítorí náà ó ti pẹ́ tí wọn kò ti gbọ́ nǹkan níbẹ̀ mọ́. Ẹnu àwọn èrò ni wọ́n máa ń wò. Àwọn èrò tí wọ́n wà nísàlẹ̀, tí etí wọn yá, gbọ́ pé kò sí nǹkan tó ń dún. Mo rí i lójú wọn. Wọ́n wo gbohùngbohùn, wọ́n wo Alága, wọ́n rí i pé ẹnu rẹ̀ ń lọ. Ta ló máa kọ́kọ́ dúró? Ìlà àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ìlà kejì tẹ̀ lé e, kò sì pẹ́ tí gbogbo gbọ̀ngàn fi ń ya ẹnu tí wọ́n ń pa á dé nínú ìdákẹ́jẹ́. Alágádágodo tí kò mọ ìbúra náà rárá tẹjú mọ́ ètè Alága, ó ń sáré tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń pín omi inú ìgò dúró, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó gbé páálí omi sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ láyà, òun náà bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó kan ibi ìdérí ìkòkò, gbogbo wọn panu dé. Wọ́n dúró de ìdérí ìkòkò tí kò já bọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ń bá a lọ.

Lẹ́yìn gbólóhùn kẹta, Alága pa ẹnu rẹ̀ dé pinpin, nítorí òun mọ̀ pé wọ́n ti gé ìyókù. Àwọn tó kù ti ya ẹnu láti mú ìkẹrin. Wọ́n rí ẹnu rẹ̀ tó ti pa dé, wọ́n sì yára pa tiwọn dé. Kò gba bíléèdì rárá. Àtẹ́wọ́ sọ.

Mo fi àpò ohun èlò ìṣerun mi bo ojú, mi ò sì lè sọ fún yín bóyá ẹ̀rín ni mò ń rín tàbí ẹkún ni mò ń sun. Mo ti ń kẹ́gàn wọn láti ọjọ́ tó ti pẹ́, àmọ́ lọ́jọ́ náà ni ọ̀rọ̀ wọn wá sú mi tán pátápátá.

Alága fúnra rẹ̀ rìn wá bá wa lẹ́yìn nígbà tí wọ́n túká. Ó gbá Bàbá kékeré léjìká. "Onímáìkì! Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò tíì bàjẹ́ o. Mi ò tiẹ̀ mọ ibi tó o ti gé e. Ó mọ́ tónítóní."

"Ẹ ṣeun, sà."

"Ohùn màmá wa sì dùn lónìí. Ó dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Bàbá kékeré yọ kásẹ́ẹ̀tì náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Alága gbà á, ó sì dì í mú bí ẹni tó gba ẹyin. Ó wà nínú àpótí onígíláàsì ní ọ́fíìsì wọn di òní, iná kékeré kan ń tàn sí i lára. Wọ́n máa ń mú àlejò lọ wò ó.

Oòrùn kò tíì wọ̀ tá a fi délé. Bàbá kékeré kò bọ́ bàtà. Ilé ìdáná ló gbà lọ, ó sọ agolo tí Màmá máa ń kó òwú ìránṣọ sí kalẹ̀, ó yọ kásẹ́ẹ̀tì tí kò ní bébà lára jáde nísàlẹ̀ òwú. Ó fi í sínú ẹ̀rọ. Ó dúró láàárín sítóòfù àti ìkòkò, ó gbé ọwọ́ láyà, èmi náà sì dìde.

Màmá bẹ̀rẹ̀. Bàbá kékeré ń sọ ọ́ tẹ̀lé e sókè, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún tí ó ti pẹ́. Ìdérí ìkòkò já bọ́. A dúró dè é. Bó ṣe kan gbólóhùn ìkẹyìn, Màmá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe bí inú bá ń bí i. Mo ti gbàgbé pé ó sọ ọ́ báyẹn. Nínú gbọ̀ngàn, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ. "Bí mo bá jí ohun tí í ṣe ti gbogbo wa, ẹ lé mi jáde, ẹ má sì ṣílẹ̀kùn fún mi mọ́."

Bàbá kékeré pa ẹ̀rọ náà. Ó wò mí, ó wo kásẹ́ẹ̀tì.

"Ẹgbẹ́ pé," ló wí. "Ta la ó kọ́kọ́ lé jáde?"

"Ọlọ́dà," ni mo wí.

Ó mi orí. Ó lọ sídìí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, èyí tí wọn kì í tì nítorí ọmọ tí ebi ń pa. Kọ́kọ́rọ́ ti dípẹtà sójú ihò, ó sì bá a jìjàkadì díẹ̀ kó tó yí.